Kí ẹ tó tẹ àwòrán ẹsẹ̀ bàtà 15

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní atẹ̀wé kọ̀ láti tẹ àwòrán gbọọrọ tí ẹ yà lórí àpáta Olúmọ ní ẹsẹ̀ bàtà 15, torí pé kò pé píksẹ́lì 300, ìyẹn àwọn ẹyọ àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, nínú ínṣì kan. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ nígbà kan, mo fi kọ̀ǹpútà fẹ tèmi lójú títí ó fi pé 300. Fáìlì wú, páànù orí ilé sì ń dán bí àbẹ́là tó yọ́. N kò jèrè kankan níbẹ̀.

Ìbàdàn ni mo yà, láti orí Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ ní 1936. Kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 24 ni. Mo gbé e dúró lóòró, mo ya ẹyọ mẹ́wàá, mo sì jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan tún hàn nínú èyí tó tẹ̀lé e. Hugin, ètò kọ̀ǹpútà tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí, ló bá mi so wọ́n pọ̀. Nígbà tí mo gé etí tó rí wọ́gọwọ̀gọ kúrò, ó ku píksẹ́lì 26,000 ní ìbú àti 5,200 ní òró. Ẹsẹ̀ bàtà 15 jẹ́ ínṣì 180. Ẹ fi pín in, 144 ló kan ínṣì kan. Ó tó! Ẹni tó bá jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ojú rẹ̀ kò lè ya píksẹ́lì kan kúrò lára èkejì mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi wé pátákó ìpolówó etí títì tí wọ́n ń wò lókèèrè. Kò sẹ́ni tó ń wo àwòrán ìlú rẹ̀ lókèèrè. Ọjọ́ tí a gbé tèmi kọ́, ńṣe ni wọ́n sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́, tí wọ́n ń wá agbo ilé bàbá wọn láàárín páànù tó ti dípẹtà. Ìyá àgbà kan ń fi ìka tọ ọ̀nà láti orí òrùlé kan dé òmíràn. Nítorí irú wọn, n kò ní gbà kó dín ní píksẹ́lì 100 nínú ínṣì kan láéláé.

Àwọn ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ kò kan iye píksẹ́lì rárá. Mo fi fóònù fi í ránṣẹ́ bí ẹni ń fi fọ́tò ìkómọ ránṣẹ́, fóònù sì ti fún fáìlì náà kéré kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ gbé fáìlì TIFF, irú fáìlì àwòrán tí kì í pàdánù nǹkan kan, lọ fúnra yín lórí fúláàṣì. Tèmi tó mẹ́gábáìtì 400. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀. Kọ̀ǹpútà mi mọ́lẹ̀ jù, nítorí náà ohun tó dára lójú rẹ̀ ṣókùnkùn lórí kanfáàsì: abẹ́ àwọn òrùlé dúdú kirikiri, páànù aláwọ̀ ilẹ̀ pupa sì dà bí èyí tí iná jó. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà kù kí ẹ tó fọwọ́ kan àwọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ojú ìsopọ̀. Lẹ́yìn tí a ti kàn án mọ́ ògiri ni mo rí ọkọ̀ Mícrà kan lójú ọ̀nà tó ní iwájú tí kò ní ẹ̀yìn, torí ó ti ń rìn láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Etí ilé ìṣọ́ tó sún mọ́ lẹ́ǹsì náà ṣẹ́ bí igi. Lẹ́ǹsì ni kí ẹ fi ṣe ìdí ìyípo, ẹ má fi ara yín yí. Ẹ ti ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì pa sójú kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ọ̀run á ní ìlà. Kí ẹ sì fẹ àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wò ó láti igun dé igun, kódà bó gba gbogbo alẹ́.

Ní báyìí, mo máa ń gé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré lára rẹ̀, níbi tí òjìji àti oòrùn ti pàdé, ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an. Atẹ̀wé á tẹ̀ ẹ́ sórí kanfáàsì kan náà, èmi á gbé e kọ́ síbi tí odindi máa wà, màá wò ó lọ́sàn-án, màá tún wò ó lábẹ́ gílóòbù lálẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ fi ínṣì méjì kún etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí kanfáàsì máa ká lọ sẹ́yìn igi. N kò fi kún tèmi, òpó méjì nínú àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó sì wà lẹ́yìn fírẹ́mù di òní.