Èsì: Ibi tí ayàwòrán jókòó sí ni kí o wá

Àbúrò mi ará Tanke, o ní o dé ibi tí àwòrán inú eré géèmù Elden Ring fi hàn ọ́, o kò rí nǹkan kan. O ò lè rí i! Ohun tí ayàwòrán ń wò ló yà, kì í ṣe ibi tó jókòó sí. Ẹni tó ya Òkè Sóbí ní Ìlọrin, ṣé orí òkè náà ló wà ni? Sún sẹ́yìn, máa yí ojú kiri títí igi, ògiri àti òkè yóò fi tò bíi ti inú àwòrán. Wàá bá ẹ̀mí ayàwòrán lórí àga. Yóò pòórá, yóò sì fi ẹ̀bùn sílẹ̀. Méje nirú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú eré tó jáde ní 2022. Má wo fídíò tó ń fi ibẹ̀ hàn o, adùn rẹ̀ á lọ.