Ibà kan náà mú ọmọ méjì, kí ló dé tó fi le fún ọ̀kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ méjì ni mo bí, ikọ́ àti ibà sì mú àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ̀gbọ́n lo oògùn, ara rẹ̀ yá. Àbúrò, ọmọ ọdún méjì, ò mọ ẹni tó gbé e mọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní sepsis ni. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé SS ni; AS ni èmi àti bàbá wọn. Ìyá ọkọ mi ní n ò tọ́jú ọmọ dáadáa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí ohun tó jogún ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá wa. Ẹ má ṣe gba ẹ̀bi yẹn sọ́rùn. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí ìyá ṣe lè fi oúnjẹ tàbí ìmọ́tótó yí i padà.

Nínú sepsis, ara ló ń gbógun ti kòkòrò tí ogun náà sì kọjá ààlà, tó wá ń ba ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ ọmọ fúnra rẹ̀ jẹ́. Ohun tó mú kó yá kánkán lára ọmọ SS wà lábẹ́ ìhà òsì: ẹ̀yà ara kan tí à ń pè ní spleen. Òun ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni sẹ́ ògì, tó ń gba kòkòrò dúró, pàápàá pneumococcus, èyí tó ń fa òtútù àyà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ SS tó ti tẹ̀ kọrọdọ máa ń dí iṣan inú rẹ̀. Ìbàjẹ́ yìí lè ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, nígbà tí kò tíì sí ìrora egungun kankan tí ẹ máa fi fura. Kòkòrò tí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kápá lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀.

SS nìkan kọ́ ni àjogúnbá tó ń ṣe èyí. Lọ́dún 1988, àwọn olùwádìí ní Denmark tẹ̀ jáde ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ tí ẹlòmíràn gbà tọ́: ẹni tí òbí tó bí i bá ti ọwọ́ àkóràn kú kó tó pé àádọ́ta ọdún, ewu kí irú ikú bẹ́ẹ̀ pa òun náà ju ìlọ́po márùn-ún ti ẹlòmíì lọ, bẹ́ẹ̀ òbí mìíràn ló tọ́ ọ. Àwọn ọmọ kan tún wà, wọn ò pọ̀, tí ara wọn ò lè ṣe èròjà kan tó ń pa kòkòrò yírùnyírùn. Yírùnyírùn á máa mú wọn léraléra. Ní ilẹ̀ wa, SS ni mo kọ́kọ́ máa ń wá, torí ó pọ̀, a sì mọ ohun tí a lè ṣe sí i.

Ohun àkọ́kọ́ ni penicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò: oníhóró tàbí olómi, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, títí yóò fi pé ọdún márùn-ún ó kéré tán. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986, ó dín àkóràn pneumococcus kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún, débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò. Ẹ bi dókítà yín nípa ìwọ̀n tó yẹ ẹ. Ẹ má sì dá a dúró torí pé ara ọmọ le. Abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumococcus náà ńkọ́? Ẹ wo káàdì rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá. Èyí tó bá fò, ẹ lọ gbà á, kẹ́ ẹ sì béèrè àwọn àfikún tó yẹ ọmọ SS.

Ẹ ra tẹmọmítà. Tó bá ti di 38, ilé ìwòsàn ni, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ má kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ kẹ́mísì. Bí àyẹ̀wò bá fi ibà ẹ̀fọn hàn, kòkòrò mìíràn ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè bóyá ọmọ nílò abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò. Tẹ́ ẹ bá ti dẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ tò sórí ìlà, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé: "SS ni, ara rẹ̀ sì gbóná."

Ẹ̀gbọ́n náà, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.