Ẹ̀rọ Ilé Tó Ti Kú: Owó Wo Ló Kù Nínú Rẹ̀?

Lẹ́tà tó dé ojú ewé yìí lóṣù yìí, kọ̀ndẹ́mù ló pọ̀ jù nínú wọn: fíríìjì tó ti dákẹ́, ẹ́síì tó ti jò, máíkírówéfù tí kò gbóná mọ́. A mú mẹ́fà. A ò kọ iye owó kílò síbí, nítorí kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín, ó lè ti yí padà. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ni kì í yí padà, òun la sì máa sọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ra fíríìjì àti fírísà tó ti bàjẹ́ kiri àdúgbò. Tí mo bá gbé wọn dé ọ̀dọ̀ oníkọ̀ndẹ́mù, odidi ló máa ń wọ̀n, owó irin ló sì máa ń san. Wọ́n ní bàbà pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé kí n máa tú u kí n tó tà á? (Olùkà kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ tú u, ṣùgbọ́n ẹ má retí bàbà rẹpẹtẹ. Páìpù dúdú tó lọ́ kiri ẹ̀yìn fíríìjì ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ gbé òòfà lé e. Ẹ máa rí i pé yóò lẹ̀ mọ́ ọn, torí pé irin ni.

Ibi mẹ́ta ni bàbà máa ń wà nínú fíríìjì ilé: àwọn páìpù kúkurú tó wọ inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (agolo irin dúdú nísàlẹ̀ ẹ̀yìn fíríìjì tó ń ti gáàsì kiri), fíltà kékeré tí kò ju ìka ọwọ́ lọ pẹ̀lú páìpù tín-ínrín tó jáde lára rẹ̀, àti wáyà mọ́tò tó wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gan-an. Méjì àkọ́kọ́ kò wúwo rárá. Inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni owó wà. Odidi rẹ̀ sábà máa ń wọ̀n tó kílò 7 sí 10, bàbà inú rẹ̀ sì lè tó ìdajì kílò sí kílò kan. A sọ pé ó lè tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé àlùmíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi wé mọ́tò àwọn kan báyìí. Ìyókù fíríìjì náà: páànù ara rẹ̀ jẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwo tí yìnyín máa ń dì lé nínú sábà máa ń jẹ́ àlùmíníọ́ọ̀mù, fóòmù àti ike kò sì lówó lórí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ gbé fíríìjì náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe kí wọ́n dán kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ wò. Gáàsì tó jò tàbí tẹ́mósítáàtì (ohun tó ń díwọ̀n òtútù) tó bàjẹ́ ló pa ọ̀pọ̀ fíríìjì, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wọn ṣì yè. Èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹni tó máa lò ó yóò san owó tó ju ti bàbà inú rẹ̀ lọ dáadáa. Ó dùn wá gan-an bí a ṣe ń rí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó yè tí wọ́n ń fi òòlù fọ́.

Bó bá ti kú lóòótọ́, onímọ̀ ẹ̀rọ ni kí ó kọ́kọ́ fa gáàsì rẹ̀ (ẹ wo ìdáhùn kejì). Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun ìgé páìpù gé àwọn páìpù náà ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ẹ má fi iná gáàsì gé e, torí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, yóò gbiná. Bóòtù mẹ́rin ló dì í mú lórí rọ́bà. Sípánà nọ́ḿbà 10 ló máa ń tú púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ yí ẹnu páìpù rẹ̀ sísàlẹ̀ lórí kẹ́ẹ̀gì kí ọ́ìlì ro tán. Ó máa ń tó ìdá kan sí ìdá méjì nínú márùn-ún lítà. Ẹ má dà á sílẹ̀, ẹ má sì dà á sínú jẹnẹrétọ̀: ọ́ìlì fíríìjì kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì.

Ṣé kí ẹ wá la kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà? Lójú tiwa, bí ẹ bá ní ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ tà á lódidi. Irin tí wọ́n jó pọ̀ ni ìkarahun rẹ̀. Àwo gírándà tó máa jẹ tán lórí rẹ̀ àti iná tàbí epo tí ẹ máa sun lè jẹ èrè bàbà náà tán. Bó bá pé mẹ́wàá, tí ẹ ní gírándà, gọ́gù (awò tó ń dáàbò bo ojú) àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ là á lójú ibi tí wọ́n ti jó o. Ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ là nínú irú kan náà. Bí wáyà inú rẹ̀ bá jẹ́ àlùmíníọ́ọ̀mù, ẹ ta ìyókù bó ṣe wà.

Ẹ ya páànù sọ́tọ̀ kúrò lára irin tó nípọn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin di ọ̀pá ní Ìkòròdú àti Ògijo fẹ́ràn irin tó nípọn, nítorí páànù máa ń jóná dànù nínú iná ìléru, ó sì máa ń gba àyè nínú ọkọ̀ láìwúwo. Fóòmù rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má sun ún. Èéfín rẹ̀ ní sáyánáìdì, májèlé tó ń pani, nínú. Ẹ sì yọ ilẹ̀kùn gbogbo fíríìjì tí ẹ bá gbé sílẹ̀ ní àgbàlá, kí ọmọdé má baà há sínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ká kàn gé páìpù kí gáàsì lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbiná fùù nígbà tí wọ́n ń jó nǹkan nítòsí. Mo ti rò pé gáàsì fíríìjì kì í gbiná. (Olùkà kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Òmíràn kì í gbiná, òmíràn ń gbiná. Ẹ ka bébà tó lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tàbí ẹ̀yìn fíríìjì: orúkọ gáàsì rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí R600a, pẹ̀lú àmì iná nínú igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè, ìbátan gáàsì ìdáná ni. Nǹkan bí gíráàmù 40 sí 80 ló máa ń wà nínú fíríìjì kan, ó sì tó láti bú gbàù nínú yàrá tí wọ́n tì pa. R12 wà nínú àwọn àtijọ́, R134a sì wà nínú púpọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e. Àwọn yìí kì í gbiná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá kàn wọ́n, wọ́n ń di ásíìdì tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Títú wọn sáfẹ́fẹ́ náà kò dára. R12 ń jẹ awọ ozone tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, ìdí nìyẹn tí àdéhùn Montreal tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún 1987 fi dè é. R134a kì í jẹ awọ yẹn, àmọ́ kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó kílò 1,430 èéfín kábọ́ọ̀nù. Onímọ̀ ẹ̀rọ ẹ́síì tó ní ẹ̀rọ afàágáàsì àti sílíńdà lè fà á. Bí ẹ bá kó fíríìjì tó pọ̀ jọ kí ẹ tó pè é, owó rẹ̀ á fúyẹ́ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Wáyà mọ́tò fáànù àti ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tí mo tú, pupa ni gbogbo rẹ̀. Oníkọ̀ndẹ́mù ní àlùmíníọ́ọ̀mù ni. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ? (Olùkà kan, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń bo wáyà mọ́tò, ọ̀dà yẹn ló sì pupa. Ẹ fi píláyà gé wáyà kan kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Bó bá pupa dé inú, bàbà ni. Bó bá funfun, àlùmíníọ́ọ̀mù ni. Bí etí rẹ̀ bá pupa tí àárín rẹ̀ funfun, àlùmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kò sì sí ẹni tó máa san owó bàbà fún un. Bí wáyà bá tín-ínrín jù, ẹ jáde sínú oòrùn, kí ẹ fi bíléèdì ha ọ̀dà rẹ̀ dànù. Ẹ tún lè fi ìwúwo mọ̀ ọ́n: bàbà wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta àlùmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n bá jọ tóbi.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí lójú ẹni tó ń rà á, kí ẹ tó gbé e sórí ìwọ̀n. Lọ́jà àgbáyé, tọ́ọ̀nù bàbà kan sábà máa ń gba owó tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti àlùmíníọ́ọ̀mù lọ, nítorí náà orúkọ tí wọ́n bá pè é ní iye tí ẹ máa gbà. Nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ má gbàgbé ìlù inú rẹ̀: sítéènlẹ́ẹ̀sì ni, kódà bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ irin lásán.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé máíkírówéfù lè pa èèyàn nígbà tí kò sí nínú iná? (Olùkà kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Lóòótọ́ ni. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀, agolo pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nǹkan bíi 2100V sí lára, lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lójú iná. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ kó ọwọ́ kan sẹ́yìn, kí ẹ fi sukudiráfà tí ike ọwọ́ rẹ̀ kò sán kan ẹsẹ̀ méjèèjì kàpásítọ̀ náà pọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ páànù ara ẹ̀rọ. Bó bá ta pà, ẹ tún un ṣe títí tí kò fi ní ta mọ́.

Tíránsífọ́mà rẹ̀ ni owó wà, ó máa ń tó kílò mẹ́ta sí mẹ́rin. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ irin, wáyà apá kan sì lè jẹ́ bàbà kí ti apá kejì jẹ́ àlùmíníọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ gé méjèèjì wò. Magnetron, ìyẹn ẹ̀yà tó ń mú oúnjẹ gbóná, èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ àlùmíníọ́ọ̀mù àti òòfà méjì, ẹ má fọ́ tánganran ara rẹ̀. Beryllium wà nínú tánganran àwọn kan, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìṣeé wò sàn.

ÌBÉÈRÈ: Àwa máa ń sun wáyà kí bàbà lè yọ. Ìwọ̀n oníkọ̀ndẹ́mù wa náà ń fu wá lára. (Ọ̀dọ́ méjì, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ẹ dákun, ẹ má sun wáyà mọ́. Èéfín ike rẹ̀ ń gbé dioxin jáde, májèlé tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ó sì ń bà lé ilẹ̀ àti ewébẹ̀ àdúgbò. Ó tún ń jẹ yín lówó: bàbà tó ti jóná máa ń dúdú, ìpele kejì ni wọ́n sì ń kà á sí. Wáyà tó nípọn, ẹ fi ọ̀bẹ la ike rẹ̀ gùn; èyí tó tín-ínrín, ẹ tà á pẹ̀lú ike rẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ mú àpò semo kílò 10 tí ẹnikẹ́ni kò tíì já lọ. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ ìwọ̀n dúró lórí òdo, kí ẹ wá gbé àpò náà kọ́. Bó bá kà á sí mẹ́jọ, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kó bàbà, idẹ, àlùmíníọ́ọ̀mù àti irin sínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì yọ ìṣó àti bóòtù kúrò lára àlùmíníọ́ọ̀mù. Ẹrù tó bá dàpọ̀, owó èyí tó kéré jù ni wọ́n máa ń san lórí gbogbo rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Fíríìjì mẹ́rin tó ti kú wà nílé tí mò ń tọ́jú níbí. Ṣé kí n kó wọn sínú kọ̀ntánà ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sí Èkó? (Olùkà kan, Peckham, London)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Fíríìjì, ẹ́síì àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àlòkù wà lára ọjà tí òfin Nàìjíríà kò gbà kó wọlé, fíríìjì tó ti kú sì jẹ́ ìdọ̀tí eléwu lábẹ́ àdéhùn Basel, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí kíkó ìdọ̀tí eléwu láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹ pe káńsù yín kí wọ́n wá kó o, tàbí bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ béèrè bí ilé ìtajà náà ṣe máa gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ irin mìíràn lẹ fẹ́ tà níbẹ̀, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ni kí ẹ tà á fún. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2013 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England àti Wales, wọn kò gbọ́dọ̀ san owó kọ̀ndẹ́mù lówó kàṣì; inú báńkì ni yóò wọlé sí, wọ́n á sì ní kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí àdírẹ́sì yín wá.