Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Wọ́n ní kí n mú clearance wá kí n tó gba iṣẹ́ ìjọba

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà mi. Maryland níbí ni mo wà, mo ti gba ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, mo sì dá kọ́ńpínì kékeré kan sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwa mẹ́rin péré la wà níbẹ̀. Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní SAM.gov, ìkànnì tí ìjọba àpapọ̀ ti ń polówó iṣẹ́, ojoojúmọ́ ni mò ń wo iṣẹ́ ìjọba lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti lówó lórí díẹ̀ báyìí, wọ́n á ní kọ́ńpínì tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ ti ní facility clearance, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba fi ń jẹ́ kí kọ́ńpínì ṣe iṣẹ́ tó ní àṣírí ìjọba nínú. Mo wá lọ bèèrè bí mo ṣe máa gbà á, wọ́n ní mi ò lè dá a gbà fúnra mi, àfi tí ẹni tó fẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi bá fà mí kalẹ̀. Iṣẹ́ tí wọn ò fún mi torí pé mi ò ní clearance! Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n mú owó wá, òun á bá mi ṣe é kíá. Kí ni kí n ṣe?
K., Maryland

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń béèrè owó yẹn. Kò sẹ́ni tó ń ta clearance. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lórí kọ́ńpínì àti lórí àwọn èèyàn inú ẹ̀, ìjọba ló ń san owó ẹ̀, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kówó wá kóun bá yín ṣe é kíá, gbájúẹ̀ ni, ẹ gé fóònù mọ́ ọn létí.

Òótọ́ lohun tí wọ́n sọ fún yín ṣá. DCSA, àjọ tó ń bójú tó o lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, kì í gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kọ́ńpínì tó dá wá. Àṣẹ tó gbé ètò yìí kalẹ̀ ti wà láti January 1993, Ààrẹ George H. W. Bush ló fọwọ́ sí i nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó gbéjọba sílẹ̀, wọ́n sì tún ìlànà ẹ̀ ṣe ní 2021, síbẹ̀ ibi tó ń dun ẹ̀yin yìí ò yí padà: ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ fà yín kalẹ̀. Ẹlòmíì yẹn lè jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún yín, ó sì lè jẹ́ kọ́ńpínì ńlá tó ti ní clearance tiẹ̀, tó fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun ṣe nínú iṣẹ́ tó ti gbà. Iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa gbé yín kan ọ̀rọ̀ àṣírí ìjọba lóòótọ́, wọn ò ní fún yín kẹ́ ẹ kàn ní in nílé kẹ́ ẹ máa fi ṣe fáàrí.

Èmi ò sọ pé ìwà ìkà ni o, gbogbo kọ́ńpínì tí wọ́n bá fún, wọ́n á máa ṣọ́ ọ ni, wọ́n á máa wá yẹ ọ́fíìsì ẹ̀ wò, wọn ò sì lè máa ṣọ́ ẹni tí kò níṣẹ́ àṣírí kankan lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ wo ibi tó já sí, àwọn ńláńlá tó ti wà nínú agbo ló ń gba iṣẹ́ lọ lọ́dọọdún, agbaṣẹ́ṣe kékeré tó mọṣẹ́ jù wọ́n lọ gan-an wà níta ó ń yọjú lójú fèrèsé. Ìdádúró tún wà níbẹ̀, lọ́dún 2018, ìwádìí tó wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì parí lé ní 700,000, ta ló máa dúró de ẹni tí kò tíì ní nígbà tí ẹni tó ti ní wà nílẹ̀? Ó ti sàn díẹ̀ sí ìgbà yẹn, àmọ́ ọkàn àwọn ọ̀gá kọ́ńpínì ò tíì kúrò níbẹ̀.

Torí náà, ẹ má ì tíì máa lépa ìwé yẹn, ẹni tó nílò iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ lépa. Àwọn kọ́ńpínì ńlá tó ń gba kọ́ńtíráàtì tó tóbi lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ní kí wọ́n ṣètò bí wọ́n ṣe máa pín nínú ẹ̀ fáwọn kékeré, wọ́n sì máa ń ní ẹnì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá ẹni yẹn kàn, ẹ má kàn fi ímeèlì gbogboogbò ránṣẹ́ pé ẹ̀ ń wáṣẹ́, ohun kan pàtó tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹ bi wọ́n pé èwo ni kò ní àṣírí nínú nínú iṣẹ́ wọn, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, tí wọ́n bá ti rí ọwọ́ yín, tí wọ́n wá ní iṣẹ́ àṣírí tí wọn ò fẹ́ kẹ́lòmíì ṣe, àwọn fúnra wọn ló máa kọ lẹ́tà lórí yín sí DCSA.

Ẹ tún máa ka ìpolówó iṣẹ́ dáadáa. Àwọn kan ní dandan kó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi ìwé sílẹ̀, àwọn míì ní ó di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún yín, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ò kéré rárá, tí wọ́n bá sì fàyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, ẹ bi wọ́n bóyá iléeṣẹ́ náà máa fà yín kalẹ̀.

Ọ̀nà míì ni joint venture, kẹ́ ẹ da kọ́ńpínì pọ̀ mọ́ ẹlòmíì láti jọ gba iṣẹ́. Nígbà kan, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba kan máa ń ní kí joint venture yẹn fúnra ẹ̀ tún ní clearance lọ́tọ̀, àmọ́ òfin ètò ààbò tọdún 2020 àti ìdájọ́ tí GAO, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ lórí kọ́ńtíráàtì, dá ní 2021 ti fòpin sí i, tó bá ti jẹ́ pé àwọn tó para pọ̀ ti ní in. Ìlànà SBA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn kọ́ńpínì kékeré, tún sọ pé tí ọ̀rọ̀ àṣírí bá jẹ́ ìba díẹ̀ lára iṣẹ́ náà, ẹni tó máa fọwọ́ kan apá yẹn ló gbọ́dọ̀ ní in.

Kó tó dìgbà náà, ẹ tún ilé ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni kọ́ńpínì àti ẹni tó máa bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò níbẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wádìí. Fọ́ọ̀mù kan wà tó ń jẹ́ SF 328, á bi yín bóyá ará ilẹ̀ òkèèrè ní ìpín tó tó 5 nínú 100 nínú kọ́ńpínì, bóyá ẹ jẹ ará òkèèrè lówó, bóyá wọ́n wà lára dírẹ́kítọ̀ yín. Tí ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn bá dáwó sí i tẹ́ ẹ sì fún un ní ìpín, ó máa yọ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn o, wọ́n ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ìdáhùn yín sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ ńbẹ̀ yẹn mà. Kọ́ńpínì tó gbà mí síṣẹ́ ti ní kí n kọ SF-86, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wádìí ẹni tó fẹ́ gba clearance. Páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá mi lóṣooṣù, mo sì ń kọ́lé lọ́wọ́ nílé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má kọ ìyẹn sí i, pé wọ́n á kàn já mi sílẹ̀ ni.
Ìyá Ìbejì, Texas

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má gbọ́ tọ̀rẹ́ yín yẹn jàre. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún 5, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀ yẹn, òun gan-an kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi ń dájọ́ láti June 2017 ò sọ pé kéèyàn di páspọ́ọ̀tù méjì mú nìkan tó láti já a sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ẹnì kan lè tipasẹ̀ ẹbí yín fúngun mọ́ yín, tàbí tipasẹ̀ ohun tẹ́ ẹ ti bò mọ́lẹ̀. Gbèsè tẹ́ ẹ ò san, owó orí tẹ́ ẹ ò kọ ránṣẹ́, igbó tẹ́ ẹ mu torí pé ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ wà gbà á láyè nígbà tí òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà á, ìwọ̀nyẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju ilé tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ yẹn lọ.

Fọ́ọ̀mù yẹn gùn o, ó lé ní 100 ojú ìwé, ọdún 10 sẹ́yìn ni wọ́n á bi yín nípa ibi tẹ́ ẹ gbé àti ibi tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ bàbá yín tó jẹ́ pé ìyá ọ̀tọ̀ ló bí wọn, ẹ kọ wọ́n, àwọn àna yín náà, ẹ kọ wọ́n. Ẹni tí wọn ò kọ ọjọ́ ìbí ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, àyè wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè sàmì sí pé ẹ fojú bù ú ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè máa bà yín láti kó gbogbo ìdílé yín lé ìjọba lọ́wọ́, kò sì burú, ní 2015 ni wọ́n tú u síta pé àwọn kan ti wọnú kọ̀ǹpútà OPM, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ èèyàn mílíọ̀nù 21.5 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan, torí wọ́n á tún pè yín láti bi yín ní gbogbo ẹ̀ lẹ́nu.

ÌBÉÈRÈ: Green card ni mo ní, ṣé mo lè gba clearance?
Dáre, Georgia

ÌDÁHÙN: Rárá, ọmọ onílùú nìkan ni. Àyè kékeré kan wà tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú rí àṣírí kan pàtó, ẹ má gbọ́kàn lé e, ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ wá iṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ public trust, iṣẹ́ tó gba ìfọkàntán àmọ́ tí kò kan àṣírí ìjọba, ìyẹn kì í ṣe clearance, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba kan máa ń gba agbaṣẹ́ṣe tó ní green card síbẹ̀, àwọn míì ò gbà á, inú ìpolówó iṣẹ́ náà lẹ ti máa rí i.