Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ǹjẹ́ Òkú Lè Gba Àmì-Ẹ̀yẹ Akin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ ni mí ní Iléṣà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àríyànjiyàn kan wáyé nínú yàrá àwa olùkọ́. Mo sọ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi Victoria Cross, àmì-ẹ̀yẹ wọn tó ga jù lọ fún ìgboyà lójú ogun, dá ẹni tó ti kú lọ́lá. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní irọ́ ni, pé alààyè nìkan ló ń gbà á, àti pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ní Nàìjíríà pé òkú kì í gba oyè orílẹ̀-èdè. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Tí a bá ń sọ ti òní, ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ yín kò purọ́. Ká ní ọdún 1866 lẹ ń jiyàn náà ni, òun ni ìbá borí.

Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1856 ni Ọbabìnrin Victoria fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tó dá àmì-ẹ̀yẹ yìí sílẹ̀, nígbà tí ogun Crimea, tí Gẹ̀ẹ́sì bá Rọ́ṣíà jà, ń lọ sópin. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni pé kò wo ipò ẹni: ẹ̀tọ́ tí ọ̀gágun ní sí i náà ni ọmọ ogun tó kéré jù lọ ní. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ akin náà, àwọn aláṣẹ sì mú un pé alààyè ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pín in, ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1857, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ àyà ọkùnrin 62, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ kò ní àyà tí wọn yóò so ó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Gáńbíà kí ẹ lè rí ohun tí àṣà yìí fà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1866, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu ìlú Tubabakolong ní ilẹ̀ Barra, ìlú tí wọ́n fi ìtì igi ṣe odi yí ká. (Àwọn tó wà nínú odi náà ń gbèjà ilé wọn, ìgboyà tiwọn náà kì í ṣe kékeré.) Ọ̀gágun D'Arcy béèrè àwọn tí yóò fi àáké fọ́ odi náà, àwọn méjì tí wọ́n ń pè ní Hodge àti Boswell sì jẹ́ ìpè. Ọmọ ogun West India Regiment, ẹgbẹ́ ogun àwọn aláwọ̀ dúdú, ni àwọn méjèèjì. Erékùṣù Tortola ní agbègbè Karibíà ni wọ́n ti bí Samuel Hodge. Ọwọ́ lásán ni Boswell fi ń fa ìtì igi tu nígbà tí wọ́n pa á, ojú odi sì ti là tó kí ènìyàn gbà á wọlé. Hodge tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó fi àáké já ẹnubodè méjì tí wọ́n fi okùn dì pa, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ráyè wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, D'Arcy fà á kalẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ló láyà jù lọ nínú wọn, wọ́n sì hó yèè.

Inú ìwé ìyìn kan náà ni wọ́n ti mẹ́nu kan iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Hodge gba Victoria Cross ní ọdún 1867, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbẹ́ tó gbà pọ̀, tí kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Boswell, tí ọwọ́ rẹ̀ la ọ̀nà tí Hodge gbà wọlé, kò gba nǹkan kan, nítorí pé ó kú.

Ogun Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn Boer, ìyẹn àwọn òyìnbó àgbẹ̀ tó ti tẹ̀dó sí Gúúsù Áfíríkà, ló yí èyí padà. Ní ọdún 1902, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ẹbí àwọn tó kú nínú ogun yẹn ní àmì-ẹ̀yẹ náà. Ní ọdún 1907, Ọba Edward Keje gbà kí wọ́n fún àwọn mẹ́fà kan tó ti kú tipẹ́, lára wọn ni Melvill àti Coghill tí wọ́n kú lọ́jọ́ ogun Isandlwana, tí Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Zulu jà ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1879. Boswell kò sí lára àwọn mẹ́fà náà, èyí sì dùn mí. Ìwé àṣẹ ti ọdún 1920 ló wá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé òkú lè gbà á. Kódà kí ó tó di ìgbà náà, dókítà ológun kan, Noel Chavasse, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ìbọn, ti gba ẹlẹ́ẹ̀kejì tirẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1917.

Ní ti Nàìjíríà, òfin oyè orílẹ̀-èdè ti ọdún 1964 sọ pé láti ọwọ́ Ààrẹ ni ẹni tí wọ́n dá lọ́lá yóò ti gbà á, ní ojúkojú. Ibẹ̀ ni àwọn kan dúró sí tí wọ́n fi ń sọ pé òkú kò lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fi kún un pé Ààrẹ lè yọ̀ǹda pé kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn fi í jẹ oyè bó bá rí i pé ó yẹ. Báyìí ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ṣe gba GCFR, oyè orílẹ̀-èdè tó ga jù lọ, ní ọdún 2018, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, bí àwọn amòfin kan tilẹ̀ ta kò ó.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Dókítà Ameyo Adadevoh. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn tó gbé àrùn Ebola wọ Èkó kúrò ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n ti ń fúngun mọ́ ọn tó láti jẹ́ kó lọ. Àrùn náà ràn án, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ọdún 2022 ni ìjọba tó fi oyè orílẹ̀-èdè dá a lọ́lá. Ọdún mẹ́jọ ti pọ̀ jù, nítorí pé òfin tó fàyè gba èyí ti wà nílẹ̀ kí ó tó kú. Ó sì yẹ ká ní àmì-ẹ̀yẹ kan tó jẹ́ ti ìgboyà nìkan, kí ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí àrùn lọ́nà má bàa máa dúró de ìwé orúkọ kan náà tí àwọn olóṣèlú àti oníṣòwò ń retí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé wúrà ni wọ́n fi ń ṣe Victoria Cross tí wọ́n fi ń tà á lówó ńlá bẹ́ẹ̀? Òǹkàwé yín, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Rárá o, idẹ ni. Ilé iṣẹ́ Hancocks ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara àgbá ogun ni wọ́n ti ń gé idẹ náà. Wọ́n máa ń sọ pé àgbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà ní Sevastopol ni, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ti fi hàn pé kì í ṣe orísun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ tí ẹni tó gbà á ṣe ló gbé owó lé e.

“Fún Àwọn Akọni” ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ sí ojú rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria kọ̀ ọ́, nítorí pé yóò dà bí ẹni pé àwọn tó gbà á nìkan ni akọni. Ó ní kí wọ́n kọ “Fún Ìgboyà”. Ní ẹ̀yìn, ọjọ́ tí iṣẹ́ akin náà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń fín sí àárín. Ní ti Hodge, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1866 ni, ọjọ́ tí Boswell kú.