Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àyà mi máa ń lù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Mo gba owó gbọ́mú-lé-lántà, ₦12,000 ni mò ń san ní gbogbo Ọjọ́rú. Bó bá ti di alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oorun ò ní kùn mí mọ́. Àyà mi á máa lù kì-kì-kì, inú á máa run mí, ọrùn á gan. Obì ni mo fi ń gbé ara ró ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo lọ sí ọsibítù ní Sátidé, wọ́n ní ìfúnpá mi ò ga. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ aráyé ni. Kí ni kí n lò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Mi ò ní bá ẹ̀gbọ́n yín jiyàn lórí aráyé, àmọ́ àìsàn tó mọ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yàtọ̀ sí ọjọ́ yòókù, kàlẹ́ńdà ló yẹ ká kọ́kọ́ bi. Másùnmáwo ni, ara yín gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pé ẹ kàn ń rò ó lásán.

Ẹran ara kékeré kan jókòó sórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan bíi fìlà. Bí ọpọlọ bá ti fura sí ewu, èròjà kan tó ń jẹ́ adrenaline á tú jáde láti ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ọkàn á sáré, ẹ̀jẹ̀ á fi ìfun sílẹ̀ lọ sí apá àti ẹsẹ̀, iṣan ọrùn á le. Èròjà kejì, cortisol, á tẹ̀ lé e, òun á máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ ajá ló lé yín, ẹ ó sá, ajá á padà, ara á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo lẹ fẹ́ sá lọ lórí ibùsùn láago méjì òru? Ní 1936, Hans Selye, onímọ̀ ìṣègùn tó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní Kánádà, rí i pé oríṣiríṣi ìyà tó fi jẹ eku, nǹkan kan náà ló ń bá wọn: ẹran orí kíndìnrín wọn á wú, ọgbẹ́ á yọ nínú ikùn wọn. Inú rírun yín kò yà mí lẹ́nu.

Ẹ má ra oògùn oorun. Ẹ fi obì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ ná: káféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, inú èyí tí ẹ jẹ láago márùn-ún, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára láago mẹ́wàá. Bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ẹ jókòó, ẹ fi imú fa èémí títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, ẹ wá rọra mí i jáde títí dé mẹ́jọ, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mímí jáde tó gùn ló ń dín eré ọkàn kù.

Èémí kì í san gbèsè ṣá. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tí ẹ bá ti san tán, ẹ máa ju ₦2,000 sínú kóló lójúmọ́, àyàfi Sọ́ńdè. Owó á ti pé kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú. Bí ọjà ò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá àwọn tó yá yín lówó kí ọjọ́ tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba lántà kejì fi san ti àkọ́kọ́.

Bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí ń kúrú, ọsibítù tààrà ni. Ó ku ohun kan: Sátidé ni wọ́n wọn ìfúnpá yín. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.