Ọmọ mi fẹ́ bá iléèwé lọ gun òkè ní Gánà: kí ni kí n bi wọ́n kí n tó sanwó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àgbọn ni mo ń tà ní ọjà Àgbálàtà ní Àgbádárìgì. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, wà ní SS2. Iléèwé wọn fẹ́ kó ọmọ 24 lọ sí Gánà lóṣù August fún ọjọ́ 10. Wọ́n ní wọ́n máa gun òkè Afadja, wọ́n máa rìn lórí afárá okùn ní Kakum, wọ́n á sì fi ọjọ́ mẹ́ta kun iléèwé abúlé kan lọ́dà, kí wọ́n tún gbin igi síbẹ̀. Ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Bàbá rẹ̀ ní ṣé òkè ò sí ní Nàìjíríà ni. Owó tí wọ́n ní ká san kò kéré, ọ̀rọ̀ bodè sì ń bà mí lẹ́rù. Kí ni kí n bi wọ́n kí n tó kó owó sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Iṣẹ́ mi ni kíkó àwọn ọmọ iléèwé jáde, mo sì ti kó wọn gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ, kó wọn bọ̀. Ohun tí àwọn òbí sábà máa ń kọ́kọ́ bi iléèwé ni ibi tí ọmọ máa sùn àti ohun tó máa jẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: ta ló bẹ̀ yín lọ́wẹ̀?

Ẹ ṣá mọ ọ̀wẹ̀. Olóko ló ń bẹ̀ ẹ́. Òun ló mọ ibi tí igbó ti dí, òun ló ń dá ọjọ́, òun náà ló ń dáná fún àwọn tó bá wá. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọkọ́ lọ sóko olóko láìpè, kó ro ibi tó wù ú, kó ya fọ́tò, kó sì máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe nìyẹn tí a bá ní à ń kó ọmọ lọ ṣèrànwọ́. Mo ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Iléèwé kan gbé wa lọ kun ògiri iléèwé abúlé kan. A débẹ̀, a bá a pé àwọn kan ti kùn ún ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dà náà ṣì ń dán. A tún kùn ún lé e lórí, torí ọ̀dà ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ ni ọ̀gá iléèwé náà tó rọra sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ló ti já látọjọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà abúlé yẹn hàn yín: iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́, ta ló máa darí rẹ̀, ta ló máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Ó yẹ kí wọ́n ra ọ̀dà ní ìlú tó súnmọ́ ibẹ̀, kí wọ́n sì gba akunlé tó ń gbé ládùúgbò, kí wọ́n sanwó fún un, kí àwọn ọmọ wa wá ṣe ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ 24 bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ń bọ́ ilé rẹ̀, ìrànwọ́ wo nìyẹn? Igi gbígbìn náà, ẹ bi wọ́n pé ta ló máa bomi rin ín nígbà ọyẹ́. Bí wọ́n bá sì ní àwọn máa yà kí àwọn ọmọ aláìlóbìí nílé tí wọ́n ti ń tọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ẹranko ọgbà tí à ń lọ wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ibi tí mo ti ní àríyànjiyàn pẹ̀lú ètò wọn nìyí. Òkè Afadja wà lẹ́bàá ẹnubodè Tógò, ní ìhà ìlà-oòrùn Gánà. Kakum wà lókè Cape Coast, Accra sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n máa jókòó nínú ọkọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ ṣírò lílọ, ẹ ṣírò bíbọ̀, ẹ ṣírò bodè mẹ́ta, ìyẹn Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti Aflao tí wọ́n máa gbà wọ Gánà. Nínú ọjọ́ 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó máa lọ sójú títì. Afárá Kakum dára púpọ̀, n kò ní purọ́: 1995 ni wọ́n ṣí i, afárá méje ni wọ́n so mọ́ra, gbogbo rẹ̀ tó mítà 350, ibi tó ga jù sì tó mítà 40 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi, màá yọ ọ́, màá fi ọjọ́ náà kún ti abúlé. Ohun kan tí mi ò ní gbà rárá ni kí wọ́n máa wakọ̀ lóru.

Ní ti bodè tó ń bà yín lẹ́rù: ọmọ Nàìjíríà kì í gba físà wọ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní ọjọ́ 90. Àdéhùn yẹn kan náà ló ní kí èèyàn mú ìwé ìrìnnà tòótọ́ àti ìwé abẹ́rẹ́ dání. Páásípọ́ọ̀tù ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í lò ju ọdún márùn-ún lọ, ẹ yẹ ọjọ́ tó wà lára tirẹ̀ wò lónìí. Kí ó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, kí Port Health, ìyẹn ọ́fíìsì ìlera ìjọba tó ń rí sí àwọn arìnrìn-àjò, fún un ní yẹ́lò káàdì, òun ni ìwé abẹ́rẹ́ náà. Káàdì náà kò ní ṣiṣẹ́ títí abẹ́rẹ́ fi máa pé ọjọ́ 10, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ. Bí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ náà rí, tí káàdì rẹ̀ wà, kò nílò òmíràn. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan láyé.

Ẹ̀yin àti Bàbá ní láti fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì búra lé e ní kọ́ọ̀tù. Orúkọ olùkọ́ tó máa mú un dání gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀ ń wò yìí ni àwọn tó ń ṣòwò ọmọ ń gbà, nítorí náà bí àwọn aṣọ́bodè bá pe ọmọ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n bi í pé ta lo mọ̀ níbí, kí ni ìyá rẹ ń ṣe, kò sí ìyọnu níbẹ̀, àǹfààní ni. Ẹ sọ fún un kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.

Ẹ gba ìlérí owó pípadà sínú ìwé. August 2019 ni ìjọba ti bodè pa, December 2020 ni Sẹ̀mẹ̀ tó ṣí. Kò sí iléèwé tó lè ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Àgbà mélòó ló ń tẹ̀ lé wọn? Fún ọmọ 24, mi ò gbà kó dín ní mẹ́rin, kí obìnrin méjì wà nínú wọn. Bí ara ọmọ kan kò bá yá, àgbà kan máa dúró tì í ní ọsibítù ní Hohoe, ìlú tó wà nítòsí Afadja, àwọn tó kù á sì ṣì wà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ sọ òtítọ́ nípa ara ọmọ yín. Mo mọ̀ pé àwọn òbí máa ń fi ásímà tàbí fòníkú-fọ̀ládìde pamọ́ kí wọ́n má baà yọ ọmọ sílẹ̀. Òǹgbẹ àti àárẹ̀ máa ń ru fòníkú-fọ̀ládìde sókè, orí òkè kọ́ ló sì yẹ kí olùkọ́ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Afadja ni òkè tó ga jù ní Gánà, nǹkan bí mítà 885. Kò jìnnà láti gùn, ṣùgbọ́n ó dá gọngọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Àgbádárìgì tiwa pẹrẹsẹ. A ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, a ò ní òkè kan ṣoṣo. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, gbogbo wọn nínú jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ká wá rin iyanrìn dé etí òkun pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ní Sátidé mẹ́rin ó kéré tán. Iyanrìn ń fìyà jẹ orúnkún dáadáa. Ibẹ̀ náà ni bàtà tuntun ti ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀, kó tó di pé a dé ilẹ̀ àlejò.

Ẹrù: àwọ̀n ẹ̀fọn, aṣọ òjò, bàtà tó ti wọ̀ dáadáa, oògùn tirẹ̀. Báàgì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ rà o, kì í ṣe Gáná-mọ́ọ̀sì-gò. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ orúkọ tí à ń pe báàgì yẹn, wọn kò sì gbàgbé 1983 tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ọmọ Gánà lọ. (Àwa náà kò gbàgbé 1969 tí ìjọba Gánà lé tiwa.)

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé lóòótọ́, Ìdànrè ń bẹ, Olúmọ ń bẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ Ẹ̀gùn nílé, ọmọ yín máa dé ìsàlẹ̀ Afadja láàárín àwọn Ewe, á gbọ́ tí wọ́n ń pe omi ní “tsi”, á rántí “sin” tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Mo ti rí ọmọ Àjárá kan tó ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí a dé, èmi ọ̀gá ìrìnàjò sì ń wá ògbufọ̀. Òkè ilé kò lè fún un ní ìyẹn.

Tó bá lọ, ẹ rántí pé aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Bó bá ní òun máa pè ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mẹ́wàá ni yóò ti lù níbí. Ẹ má tíì sùn.